Ẹ̀yìn Ṣòkòtò Ológbò

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń ké kí oòrùn tó fojú hàn. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá ìjókòó ló sì wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé. Aránṣọ tẹrí ba sídìí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, orin sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:

Tú u díẹ̀, rán an díẹ̀,
Olówó orí mi ń gbilẹ̀ o;
Tú u díẹ̀, rán an díẹ̀,
Ayé ò ní í rí wa fín.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá orin náà, ó sì dùn. Háà, ó dùn! Bí o bá gbọ́ ọ, o ò ní í mọ ìgbà tí orí rẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré nítorí pé ó jọ ìyá bàbá rẹ̀ bí ẹni là á sí méjì, ti mọ orin náà látòkè délẹ̀. Nǹkan kan sì tún wà tí ọmọ náà mọ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: nígbàkígbà tí màmá òun bá ti ń kọ "tú u díẹ̀", ṣòkòtò bàbá òun ló wà lórí ẹ̀rọ.

Ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá náà ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, dúdú, nínípọn. Aránṣọ ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí, kò ku aṣọ kankan nínú rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ lè mú mọ́. Ìyẹn ló fi gé yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ọmọ rẹ̀ tó ti há, aláwọ̀ ewé tí ilà funfun wà nínú rẹ̀, tó fi ṣe àlẹ̀mọ́ sẹ́yìn ṣòkòtò láti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀. Ó wá fi aṣọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lójú. Ẹ̀wù iṣẹ́ gígùn ni yóò bo ìyókù. Ọkùnrin tí wọ́n bá ti lọ aṣọ fún, tí wọ́n nà án sí i, kì í wo inú rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá, ó gba ṣòkòtò, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fa síìpù. Wẹ́rẹ́ ló wọlé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ikùn rẹ̀, pọ̀, pọ̀.

"Ẹ wò ó! Ṣòkòtò tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́ nìyí o! Àwọn ẹgbẹ́ mi ti pààrọ̀ tiwọn, pààrọ̀, pààrọ̀, ó ti sú ẹni tó ń pín in. Èmi ńkọ́? Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ìbàdí mi, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọn ó fi sin mí."

"Wọn ò ní í sin ẹ́ nísinsìnyí," ni ìyá rẹ̀, ìyá àgbà, dáhùn láti ibi tó ti ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì. "Jókòó kó o jẹun jàre."

Panápaná ni ọkùnrin náà. Ológbò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí bó ṣe máa ń gun àkàbà: bó o bá ṣẹ́jú báyìí, ó ti wà lókè, ó ti ń wo ilẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ orúkọ náà, àwọn ọmọdé sì máa ń fi ké tẹ̀lé e pé "Míáò!" tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà ti gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ẹyin díndín tí òróró ń kán lára rẹ̀, tíì tó kún fún mílíìkì àti ṣúgà, pẹ̀lú ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tó tutù. Aránṣọ na ọwọ́, ó yọ búrẹ́dì ẹyọ kan kúrò nínú àwo ọkọ rẹ̀.

"Kí lo mú níbẹ̀ yẹn?" ni ìyá àgbà bi í.

"Eṣinṣin ló bà lé e, Mà."

"Eṣinṣin! Ojú ẹ nìkan ló rí eṣinṣin yẹn." Ìyá àgbà fi méjì rọ́pò rẹ̀. "Kí ayé má lọ máa sọ pé ọmọ mi ń pa iná fún gbogbo ìlú, ẹni tó máa pa ebi fún òun ni ò sí."

Ojú fèrèsé ni oníbúrẹ́dì àdúgbò gbà kí wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ilé mẹ́ta ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwọn, igbá ọjà rẹ̀ sì wà lórí.

"Bàbá panápaná, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ wo bí ara yín ṣe ń dán! Ìyàwó wa, o káre o. O ń tọ́jú wa."

"Ẹ ṣé, Mà," ni aránṣọ wí. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló rín in.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láàárọ̀ náà, kò sí ẹni tó lè bá a gbé e. Wọ́n máa pín yúnífọ́ọ̀mù tuntun fún àwọn panápaná lónìí. Nígbà tí ọ́fíìsì ní kí kálukú mú ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ wá, yàrá ìjókòó yìí náà ni ó ti na téèpù yí ọkọ rẹ̀ po. Ìyá àgbà wà lórí àga, oníbúrẹ́dì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú aránṣọ rí mẹ́rìnlélógójì lórí téèpù. Ọkọ rẹ̀ ní, "Pariwo ẹ̀ kí wọ́n gbọ́ o, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àbí?" Ẹnu rẹ̀ sì wí pé, "Òun náà ni." Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí aṣọ náà bá délé, òun á tú u. Aṣọ wo ni kì í gbọ́ ti abẹ́rẹ́ òun?

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń bọ bàtà, "tí wọ́n bá ti fún yín, ẹ má wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹ gbé e wálé ná, kí n bá yín lọ̀ ọ́."

"Aṣọ tuntun? Kí lo fẹ́ lọ̀ lára ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà gbé e wálé."

"Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́. Aránṣọ ò fẹ́ kí ẹlòmíì ránṣọ fún ọkọ ẹ̀, owú ń jẹ ẹ́!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó ń mí bí ẹni tó ru ẹrù.

"Eruku ló pọ̀ níbí," ló sọ fún Ìyá Kékeré tó ń lọ sílé ìwé. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni.

*

Níbi iṣẹ́, wọ́n ti fọ ọkọ̀ panápaná méjèèjì, omi ṣì ń kán lára wọn. Àkàbà gígùn fara ti ilé gogoro tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá wọn, obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, dúró láàárín ọgbà.

"Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́sàn-án. Kí kálukú gba tuntun, kó wọ̀ ọ́ báyìí báyìí."

"Ọ̀gá," ni Ológbò wí, "ìyàwó mi ní kí n gbé tèmi wálé ná."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu wọn. "Ẹ̀gbọ́n Ológbò, ṣé aya yín ló ṣì ń wọṣọ fún yín ni?" "Ó fẹ́ bá wọn de bọ́tìnnì ọrùn!" Ológbò bá wọn rẹ́rìn-ín, ó gba aṣọ tirẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀.

Aṣọ tuntun náà le bí awọ. Wọ́n ṣe é kí iná má lè jẹ ẹ́, kò sì ní ibi tí wọ́n lè tú lára rẹ̀. Ó gba ọrùn ẹsẹ̀ kọjá, ó gba orúnkún kọjá. Ìgbà tó dé itan, ó dúró. Ológbò fà á. Ó fò sókè, ó tún fà á. Ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó fa ikùn wọnú, òógùn bò ó. Aṣọ náà ò mira.

Ó bọ́ ọ, ó wọ ògbólógbòó rẹ̀ padà, ó sì jáde tòun ti ìbínú.

"Ta ló gbé ti Ìgbálẹ̀ fún mi?"

Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin kan láàárín wọn, nítorí pé kò sí ẹran lára rẹ̀. Òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn tó ń gun àkàbà. Ó ti wọ tirẹ̀, ó ti de ìgbànú.

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi rèé lọ́rùn mi."

"Bọ́ ọ! Tèmi lo wọ̀ sọ́rùn yẹn."

"Ẹ wo inú ìbàdí èyí tó wà lọ́wọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n rán fún yín nìyẹn."

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wo ló máa dúró sí mi nítan? O ti já ìwé ibẹ̀, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ tìẹ. Mo mọ̀ ẹ́, ojú ẹ ò balẹ̀. Olè ni ẹ́!"

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń nu fèrèsé ọkọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ìgbálẹ̀ kàn ń wo ẹnu Ológbò bí ẹni pé ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà padà síbẹ̀.

Ọ̀gá sún mọ́ wọn. "Ológbò. Fi èyí tó wà lọ́rùn ẹ gun àkàbà yẹn, kí n rí ẹ. Bó o bá dókè, màá wá aṣọ mìíràn fún ẹ. Bó ò bá dókè, géètì ni wàá máa ṣọ́."

"Àkàbà?" Ológbò ju aṣọ tuntun sílẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé àkàbà lẹ fi ń dẹ́rù bà mí?"

Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ gígùn rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè fúyẹ́, ó sì mú àkàbà. Ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yá. Àwọn kan tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Àmọ́ kó tó dé ìdajì, àyà rẹ̀ ti ń lù bí ẹni ń gúnyán, èémí ò tó o, ojú rẹ̀ ń rí ìràwọ̀ lójúmọmọ. Ó di irin mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè kó fi tẹ irin tó kàn.

Fààà!

Gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ṣòkòtò ya láti ìbàdí délẹ̀, aṣọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ahọ́n. Aláwọ̀ ewé onílà funfun ló yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Kò sí òbí kan ládùúgbò tí kò mọ aṣọ náà.

"Yéè!" ni ẹnì kan ké. "Ológbò ti padà sílé ìwé o!"

Ẹ̀rín bú. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń rín in. Ẹ̀rín náà ò sì pẹ́, torí pé ẹni tó wà lókè ò lọ sókè mọ́, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ àkàbà, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

Ìgbálẹ̀ ló gùn ún lọ bá a. Ó gbé èjìká sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì, Ẹ̀gbọ́n. Mo dì yín mú. Ẹ má wo ilẹ̀. Ó tó, ó tó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún báyìí."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin tí wọ́n pè lólè ṣe ru ẹni tó pè é lólè sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n délẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù tuntun tirẹ̀, ó dè é mọ́ Ológbò níbàdí kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè bò. Ológbò fi ọwọ́ kan àlẹ̀mọ́ náà. Ó fà á síwájú, ó wò ó. Òwú pupa wà níbẹ̀, òwú funfun, òwú aláwọ̀ búlúù, ìrán lórí ìrán. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ọwọ́ ẹni tó rán an fún un.

Ó fẹ́ sọ nǹkan fún Ìgbálẹ̀. Ọ̀gá ti dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó sọ ọ́.

Obìnrin náà na kọ́kọ́rọ́ géètì sí i.

*

Oníbúrẹ́dì ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ológbò wọlé lọ́sàn-án, ó wá gba bùláòsì tí aránṣọ bá a rán.

"Bàbá panápaná, ẹ káàbọ̀ o! Ara yín ń..."

Ó rí ẹ̀wù tó wà níbàdí rẹ̀, kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Ológbò tú ẹ̀wù náà. Ó yí ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ta ló ni aṣọ yìí?"

Ẹsẹ̀ aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ figbe ta. "Mo gbé o! Ta ló fa aṣọ ya mọ́ ọmọ mi lára? Wọ́n ti rí i! Mo ti ń sọ ọ́, kíkí tí wọ́n ń kí ara ọmọ yìí láràárọ̀, kì í ṣe kíkí lásán!"

"Ìyá, ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?" ni oníbúrẹ́dì bi í.

"Ṣé mo dárúkọ ẹ ni?"

"Ẹ ń wò mí!"

"Ibi tójú mi dojú kọ lo dúró sí!"

"Èmi ni," ni aránṣọ wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, àmọ́ àwọn méjèèjì yíjú sí i. "Èmi ni mo ń tú u. Tó bá ti fẹ́ máa há, màá tú u kẹ́ ẹ tó mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

Aránṣọ ń fa òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́.

"Téèpù ńkọ́? Ìwọ̀n tí mo gbé lọ sí ọ́fíìsì?"

Aránṣọ fi ọwọ́ bo téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mo pe ọmọ ọlọ́mọ lólè," ni Ológbò wí. "Níwájú gbogbo wọn. Mo nawọ́ sí i báyìí, mo ní olè ni. Òun ló sì ru mí sọ̀ kalẹ̀. O jẹ́ kí n gun àkàbà pẹ̀lú èyí! Ká ní iná gidi ni, ká ní ọmọ ẹnì kan wà lókè tó ń dúró dè mí ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni aránṣọ dìde. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò rántí "ẹ" mọ́.

"Mo sọ ọ́ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan. Mo bu oúnjẹ níwọ̀nba, mo fi ẹ̀fọ́ sí i, mo gbé ẹlẹ́rìndòdò kúrò. Kí lo sọ? O ní mò ń ṣọ́ ẹ lẹ́nu! Ìyá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbé àwo jáde, tẹ́ ẹ lọ fi han ará ilé, pé ẹ wá wo ohun tí ìyàwó ọmọ yín fi ń bọ́ ọkọ ẹ̀? Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ṣé ẹ ò wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ń ṣe hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n? Tó bá rù, ahun ni mí. Tó bá sanra, 'o káre, ìyàwó wa, ò ń tọ́jú wa.' Mo gba 'o káre'! Ó dùn mọ́ mi! Láràárọ̀ ni mò ń gbà á, mò ń tú u díẹ̀, mò ń rán an díẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Oníbúrẹ́dì ń ká bùláòsì rẹ̀ sí kékeré, ó ń ká a sí kékeré sí i.

Ìyá Kékeré ti dé láti ilé ìwé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì léjìká, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó wọlé.

"Màmá máa ń tú tèmi náà," ló wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ọmọ náà gbé apá sókè, ó fi abẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n: ilà àwọ̀ tó ṣú ju ìyókù lọ, níbi tí ìrán àtijọ́ wà.

"Mi ò kì í bá wọn sáré mọ́ nílé ìwé. Mo máa ń ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ ò dùn mí, èémí mi ni kì í tó."

Aránṣọ jókòó pọ̀ọ̀.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, torí pé ibẹ̀ ni ó mọ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò. Ó bu ìrẹsì sínú àwo ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń bù ú, ó gbá a jọ gẹ́gẹ́ bí òkè, ó dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó dá ìdajì rẹ̀ padà sínú ìkòkò, díẹ̀díẹ̀, kí ṣíbí má baà dún.

Nínú yàrá, oníbúrẹ́dì ti ń wá ọ̀nà jáde.

"Ẹ dúró," ni Ológbò sọ fún un. "Ẹ wà níbí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kà á. Ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ èyí náà." Ó yọ téèpù lọ́rùn ìyàwó rẹ̀, ó nà án sí i. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ikùn rẹ̀ yọ jáde láàárín wọn, níhòòhò, ìlà ìgbànú sì wà yí i ká. "Wọ̀n mí. Kà á kó ròkè."

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó na téèpù yí i po. Ó pa á pọ̀ níwájú. Ojú rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó rí i kedere. Ó lanu.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ni ẹnu rẹ̀ wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ó gbọ́ ọ bí àwọn yòókù ṣe gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, téèpù já bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Ìbá sàn kí wọ́n bú u.

Ìyá Kékeré ló bẹ̀rẹ̀, tó ṣa téèpù náà, tó fi í lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Aránṣọ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. "Mẹ́rìnlélógójì," ló wí. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ó lé díẹ̀."

Ológbò mi orí pé òun ti gbọ́. Ó bọ́ ṣòkòtò náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ta ìró mọ́dìí, ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ.

"Bá mi rán an. Mo fẹ́ lọ sílé Ìgbálẹ̀, kí n gbé ẹ̀wù ẹ̀ fún un."

"Kò sí aṣọ dúdú mọ́," ni aránṣọ wí. "Èyí tí mo fi bo ojú rẹ̀ ti ya tán."

"Má bò ó."

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yìn yín ni o. Gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá kọjá lára ẹ̀ ló máa rí i."

"Mo ní má bò ó."

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó fi aláwọ̀ ewé náà sí ìta gbangba, ó fi abẹ́rẹ́ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ètè rẹ̀ mì, bí ó ṣe máa ń mì. Ìyá Kékeré, tó dúró tì í, ń dúró de orin náà. Ẹ̀rọ nìkan ló ń dún.

Nígbà tí Ológbò sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀wù Ìgbálẹ̀ wà lápá rẹ̀, ó ká a dáadáa. Àwọn ọmọdé tó ń ṣeré rí i, ọ̀kan nínú wọn ní "Míáò!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n wo aṣọ tó wà lọ́rùn tiwọn, aláwọ̀ ewé onílà funfun, wọ́n sì dákẹ́.

Oníbúrẹ́dì ti ṣáájú rẹ̀ délé, ó ti jókòó síwájú igbá ọjà rẹ̀. Ó rí i tó ń bọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó lanu láti kí i bó ṣe máa ń kí i, ó wá kíkí náà títí, kò rí i.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ni Ológbò wí, ó sì kọjá.